Creatinine yàtọ̀, eGFR dọ́gba: báwo la ṣe ń ṣírò àìdánilójú eGFR?

Oníláàbù_Ìbàdàn béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ọkùnrin ẹni ọdún 52 kan ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Láàbù tiwa ka creatinine rẹ̀ (ìdọ̀tí láti ẹran ara tí kíndìnrín ń yọ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀) sí 1.40 mg/dL, eGFR (ìṣirò GFR, ìyẹn bí kíndìnrín ṣe ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ tó) sì jẹ́ 60. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, láàbù mìíràn ka 134 µmol/L, ìyẹn 1.52 mg/dL, síbẹ̀ eGFR tiwọn náà 60 ni. Dókítà rẹ̀ ní níwọ̀n ìgbà tí eGFR méjèèjì ti bára mu, kò sí wàhálà, ká kàn sọ fún òun bí 60 yẹn ṣe dáni lójú tó.

Ohun tó wà lọ́wọ́ wa nìyí. Jaffe kinetic, ọ̀nà tó ń fi picric acid ka creatinine, là ń lò, irú èyí tí ẹ̀rọ ti ń yọ iye kan kúrò nínú èsì fúnra rẹ̀. A ka sírọ́ọ̀mù kan náà nígbà 20 lọ́jọ́ kan, CV (bí èsì ṣe ń yàtọ̀ síra, nínú ọgọ́rùn-ún) jẹ́ 1.1%. QC (ohun tá a mọ iye rẹ̀, tá a fi ń ṣọ́ ẹ̀rọ) ti oṣù mẹ́fà: ìpele kìíní 1.02 mg/dL, SD (bí èsì ṣe fọ́n ká tó) 0.036, ìpele kejì 4.85 mg/dL, SD 0.116. Ìwé calibrator (ohun tá a fi ń kọ́ ẹ̀rọ bó ṣe máa kà) kọ 4.00 mg/dL, U (àìdánilójú tí wọ́n ti sọ di ìlọ́po k) 0.10, k = 2. Nínú EQA (àyẹ̀wò láti ìta tó ń fi láàbù wé láàbù), a fi nǹkan bí 1% ga ju àwọn tó ń lo irú ẹ̀rọ wa. CKD-EPI 2021 ni fọ́múlà tá a fi ń ṣírò eGFR.

ISO 15189 ti ọdún 2022, ìlànà àgbáyé fún láàbù ìṣègùn, ní ká ṣírò àìdánilójú ìwọ̀n. CV wo ni ká lò? Ṣé àìdánilójú creatinine náà ni ti eGFR? Ṣé ká máa tẹ ± sórí èsì?

---

Ẹ̀gbọ́n_Kẹ́mísìrì:

Ẹ gbé 1.1% yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ohun tí ẹ kà láàárín wákàtí kan, pẹ̀lú reagent kan, calibration kan àti ọwọ́ ẹnì kan, kò mọ nǹkan kan nípa ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láti oṣù dé oṣù. Ohun tí ISO/TS 20914 ti ọdún 2019, ìwé ìtọ́sọ́nà fún ìṣirò yìí, ń béèrè ni u_Rw, ìyàtọ̀ ìgbà pípẹ́ nínú láàbù yín, èyí tó ti kó pààrọ̀ lọ́ọ̀tì reagent, calibration tuntun, òṣìṣẹ́ àárọ̀ àti ti alẹ́, àti ìtọ́jú ẹ̀rọ mọ́ra. QC oṣù mẹ́fà ni yóò fún yín ní ìyẹn.

Ìpele QC tó sún mọ́ ibi tí dókítà ti ń ṣe ìpinnu ni kí ẹ mú. 1.40 sún mọ́ 1.02 ju 4.85 lọ, nítorí náà 0.036 ÷ 1.02 = 3.5%. Ẹni tó bá mú 2.4% ti ìpele kejì ń fún ara rẹ̀ ní máàkì tí kò gbà. Bí ẹ bá lè ṣe é, ẹ da sírọ́ọ̀mù tó ṣẹ́ kù pọ̀ títí yóò fi sún mọ́ 1.4, lẹ́yìn tí ẹ ti rí i pé kò ní HIV, HBsAg àti HCV. Ẹ pín in sí 0.5 mL nínú ike kéékèèké, ẹ tọ́jú rẹ̀ sí −70 °C, kí ẹ máa yọ ọ̀kan lóòjọ́. Ẹ má ṣe dá èyí tó ti yọ́ padà sínú yìnyín.

Ibì kan wà tó ń tan ọ̀pọ̀ láàbù jẹ. Nígbà tí lọ́ọ̀tì reagent bá yí, iye QC lè fò sókè tàbí kó já wálẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ aláìsàn má sì yí padà rárá, torí QC tí a rà kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ gidi. Ẹ fi ẹ̀jẹ̀ aláìsàn bíi márùn-ún sí mẹ́wàá wé lọ́ọ̀tì àtijọ́ àti tuntun. Bí tiwọn ò bá yí, ẹ ṣírò SD lọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ kí ẹ tó pa wọ́n pọ̀. Bí ẹ bá kàn kó gbogbo nọ́ńbà jọ, SD yóò wú láìnídìí.

Calibrator: 0.10 yẹn ti jẹ́ ìlọ́po méjì, nítorí náà ẹ pín in sí méjì, 0.05. Nínú 4.00, ó jẹ́ 1.25%. Ó yá:

u = √(3.5² + 1.25²) = √13.81 = 3.7%
U (k = 2) = 7.4%, ìyẹn 0.10 mg/dL ní 1.40

Ìbéèrè kejì yín ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Àìdánilójú eGFR kì í ṣe ti creatinine. Nínú CKD-EPI 2021, bí creatinine ọkùnrin bá ti ju 0.9 lọ (0.7 fún obìnrin), agbára −1.200 ni wọ́n gbé e sí. Ìdá kan tó bá yẹ̀ nínú creatinine, ìdá 1.2 ni yóò yẹ̀ nínú eGFR. Nítorí náà 3.7 × 1.2 = 4.5%, U jẹ́ 8.9%, tí í ṣe nǹkan bí 5 nínú 60. Ẹ fi ọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò: 1.30 ń fúnni ní 66, 1.50 ń fúnni ní 56.

Ní ìsàlẹ̀ 0.9 tàbí 0.7, agbára náà dín kù sí −0.302 fún ọkùnrin àti −0.241 fún obìnrin. 3.5% nínú creatinine obìnrin tó ní 0.60 kò tó 1% nínú eGFR rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fi ìyẹn yangàn. Fọ́múlà ló tẹ́ ìyàtọ̀ náà pẹrẹsẹ, kì í ṣe pé a mọ kíndìnrín obìnrin náà dáadáa ju ti ọkùnrin yìí lọ.

1% ti EQA: àwọn tó ń lo ẹ̀rọ kan náà ni wọ́n fi yín wé, nítorí náà gbogbo yín lè jọ ṣìnà pọ̀. Ó fi hàn pé ẹ bá ẹgbẹ́ mu, kò fi hàn pé ẹ bá òtítọ́ mu. Ẹ̀jẹ̀ gidi tí wọ́n ti fi IDMS (ọ̀nà ìwọ̀n tó péye jù) wọ̀n, irú SRM 967 ti NIST (àjọ ìwọ̀n ti Amẹ́ríkà), ló lè sọ ìyẹn. Bí ẹ bá rí bias (ìyẹ̀ sí apá kan) tó ga lóòótọ́, ẹ tún un ṣe. Ẹ má ṣe kó o sínú U kí U kàn máa fẹ̀ sí i.

---

Aláyẹ̀wò_Kíndìnrín:

Ìṣirò ẹ̀gbọ́n dára, àmọ́ ẹ jẹ́ ká padà sórí ohun tí dókítà yẹn sọ, torí ibẹ̀ gan-an ni nǹkan ti yíwọ́. eGFR méjèèjì ò bára mu.

Ọkùnrin ẹni ọdún 52 tó ní 1.52 mg/dL, CKD-EPI 2021 yóò fún un ní 55, kì í ṣe 60. Báwo ni láàbù kejì ṣe dé 60? Ẹ gbìyànjú fọ́múlà 2009: 52 ló ń jáde. Ẹ wá sọ 52 náà di púpọ̀ pẹ̀lú 1.159, ìyẹn ìsọdipúpọ̀ tí wọ́n fi sí i fún aláwọ̀ dúdú: 60 dé. Kò dà bíi pé ọ̀nà mìíràn wà tí wọ́n lè gbà dé ibẹ̀. Sọ́fútíwíà wọn ṣì ń lo fọ́múlà 2009 pẹ̀lú “aláwọ̀ dúdú: bẹ́ẹ̀ ni”.

Ẹ wo ohun tí fọ́múlà nìkan ń ṣe sí 1.40 kan ṣoṣo yẹn:

CKD-EPI 2021: 60
CKD-EPI 2009 láìsí ìsọdipúpọ̀: 57
CKD-EPI 2009 × 1.159: 66
MDRD (fọ́múlà tó ṣáájú CKD-EPI, oní-175) láìsí ìsọdipúpọ̀: 53
MDRD × 1.212: 64 àbọ̀

Láti 53 dé 66, ẹ̀jẹ̀ kan, ẹ̀rọ kan, nọ́ńbà creatinine kan. Gbogbo U tí ẹ fi òógùn ṣírò kò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìsọdipúpọ̀ yẹn jáde láti inú ìwádìí lórí àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò nínú fọ́múlà 2021. Ní tiwa níhìn-ín kò tiẹ̀ fìgbà kan wúlò: ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Malawi, South Africa àti Uganda, tó jáde lọ́dún 2022, fi hàn pé fọ́múlà creatinine ń sọ kíndìnrín di alágbára ju bó ṣe rí lọ fún àwọn ènìyàn ibẹ̀. Kí a tún wá fi 16% lé e? Ẹni tó ti wọ ìpele G3 (eGFR tó ti lọ sí ìsàlẹ̀ 60) yóò máa lọ sílé pẹ̀lú ìwé pé ara rẹ̀ yá.

Nítorí náà, kí láàbù méjèèjì tó jiyàn, creatinine ni kí ẹ fi wé creatinine. Ẹ sọ ẹyọ ìwọ̀n di ọ̀kan ná (µmol/L ÷ 88.4 = mg/dL), kí ẹ wá fi fọ́múlà kan náà ṣírò méjèèjì.

Ṣé 1.40 àti 1.52 yàtọ̀ síra lóòótọ́? Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ nǹkan bí 8%. Creatinine ẹni tí kò ṣàìsàn ń lọ sókè sódò fúnra rẹ̀ ní nǹkan bí 4.5%, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ yín ní 3.5% tirẹ̀. Ìyàtọ̀ tó kéré jù tí a lè pè ní ìyípadà láàárín èsì méjì ni:

2.77 × √(3.5² + 4.5²) = 2.77 × 5.7 = 15.8%

8% kò dé ibẹ̀ rárá, láàbù kan náà ni mo sì fi ṣírò. Láàbù méjì, calibrator méjì, ààyè náà tún fẹ̀ sí i. Ẹ ṣàkíyèsí pé n kò fi 1.25% ti calibrator sí i: bí calibrator kan náà bá ka èsì méjèèjì, àṣìṣe rẹ̀ wà nínú méjèèjì bákan náà, ó sì ń pa ara rẹ̀ rẹ́.

Ẹ sọ 15.8 di púpọ̀ pẹ̀lú 1.2, 19% ni fún eGFR. Ìlànà KDIGO (àjọ àgbáyé lórí àrùn kíndìnrín) ti 2024 ní kí a wádìí bí eGFR bá yí ju 20% lọ láti èsì kan sí òmíràn. Ẹ rí i pé nọ́ńbà yẹn kò já láti ojú ọ̀run.

---

Oníláàbù_Ìbàdàn:

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Ti ìsọdipúpọ̀ yẹn ya èmi gan-an lẹ́nu. Ó ku kan: ọ̀gá wa fẹ́ ká kúrò lórí Jaffe lọ sí enzymatic, ọ̀nà tó ń fi enzyme ka creatinine, àmọ́ owó reagent rẹ̀ wọ́n ju ti Jaffe lọ dáadáa. Ṣé àìdánilójú yóò dín kù tó ohun tá a fẹ́ náwó lé?

---

Ọ̀mọ̀ràn_Reagent:

Bó bá jẹ́ nítorí U nìkan, rárá. Ẹ jẹ́ ká sọ pé enzymatic gbé CV yín wá sí 1.5%. Ìyàtọ̀ tó tó kà sí yóò bọ́ láti 15.8% sí 13.1% fún creatinine, láti 19 sí nǹkan bí 16 fún eGFR. Ara ẹni náà ló ń mú 4.5% wá, reagent kankan ò sì lè tún ìyẹn ṣe.

Ohun tí ẹ ń rà ni pé kó ka creatinine nìkan. Ní 1886 ni Max Jaffe rí i pé picric acid àti creatinine ń di pupa ọsàn nínú alkali; lẹ́yìn náà la wá mọ̀ pé àwọn nǹkan mìíràn náà ń di pupa ọsàn níbẹ̀: prótéènì, glucose tó ga gan-an, ketone, Vitamin C, àti oògùn bíi cefoxitin. Aláìsàn àtọ̀gbẹ tó gbé ketone wá lè ní creatinine tó ga lójú Jaffe, kí kíndìnrín rẹ̀ má sì ní nǹkan kan. Bilirubin ní tirẹ̀ ń fà á wálẹ̀.

Nítorí prótéènì ni ẹ̀rọ yín ṣe ń yọ iye kan kúrò, ó sábà máa ń jẹ́ 0.2 sí 0.3 mg/dL. Iye kan náà ni wọ́n ń yọ fún gbogbo ènìyàn, bóyá prótéènì ẹni náà pọ̀ tàbí ó kéré. Ní 4.85, 0.3 kò jọjú. Nínú ọmọdé tó ní 0.4, àbí arúgbó tó ti rù kan egungun tí albumin rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀, 0.3 yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀. Ìwọ̀nyí kò hàn nínú QC, torí QC ò ní ketone bẹ́ẹ̀ ni kò rù.

Àwọn oní-SS ni kí ẹ kọ́kọ́ rò. Bilirubin wọn sábà máa ń ga, ẹran ara wọn kéré, kíndìnrín wọn sì máa ń ti creatinine jáde láti ara ọ̀pá tín-ín-rín inú rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń fa creatinine wálẹ̀, wọ́n sì ń gbé eGFR sókè. Enzymatic yóò yanjú ti bilirubin dé ìwọ̀n kan, àmọ́ kò lè yanjú méjì tó kù. Cystatin C, prótéènì kan tí kíndìnrín ń sẹ́, ló lè ràn wá lọ́wọ́ níbẹ̀, torí kò fi bẹ́ẹ̀ gbẹ́kẹ̀ lé ẹran ara. Òun náà ní tirẹ̀: oògùn steroid, àìsàn thyroid, sìgá àti ara tó wú (inflammation) ń yí i padà.

Kí ẹ má sì rò pé enzymatic mọ́ pátápátá. Èyí tó ń parí sí hydrogen peroxide àti peroxidase ń ka creatinine sí kékeré bí dobutamine, N-acetylcysteine tàbí metamizole bá wà nínú ẹ̀jẹ̀. Bí èsì ICU bá já wálẹ̀ lójijì, ẹ béèrè bóyá ọ̀pá dobutamine ni wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀.

Bí ẹ bá ṣì máa lo Jaffe, ẹ ṣọ́ nǹkan méjì. Ìṣesí rẹ̀ ń yára tàbí ń falẹ̀ bí ooru bá yí, nítorí náà ẹ fi tẹmómítà tòótọ́ yẹ cuvette (ife kékeré tí ìṣesí ti ń ṣẹlẹ̀) wò bóyá ó wà ní 37 °C, pàápàá lẹ́yìn tí iná bá lọ tó sì dé. Èkejì, alkali tó ṣí sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ ń fa carbon dioxide inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, agbára rẹ̀ sì ń dín kù. Bí QC yín bá ń rọra yọ̀ lọ sí apá kan láti ọjọ́ tí ẹ ṣí ìgò títí dé ọjọ́ tó tán, ibẹ̀ ni kí ẹ wò kí ẹ tó tún calibration ṣe.

---

Aláyẹ̀wò_Kíndìnrín:

Mo fara mọ́ ọn. Kí n fi ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ tó dé orí ẹ̀rọ kún un, torí kò sí U tó kó o mọ́ra. Ẹran tí a sè ní creatinine nínú. Ẹni tó jẹ ẹran yanturu ní òde ìnáwó lálẹ́ tó wá fa ẹ̀jẹ̀ láàárọ̀, ẹ lè rí i kó ga. Ìmọ̀ràn NICE, àjọ ìlànà ìṣègùn ní Britain, ni pé kó má jẹ ẹran fún wákàtí 12 ṣáájú. Septrin àti cimetidine ń dí ọ̀nà tí creatinine ń gbà jáde láti ọ̀pá tín-ín-rín, creatinine á ga, GFR ò sì yí. Ẹ̀jẹ̀ tó sùn mọ́jú sínú ìgò láìya sírọ́ọ̀mù rẹ̀ sọ́tọ̀, Jaffe yóò kà á ga ju bó ṣe yẹ.

Fún ọkùnrin yìí: kó tún ẹ̀jẹ̀ fà láìjẹ ẹran, ní láàbù kan náà, kí ẹ fi ìtọ̀ rẹ̀ ṣe ACR (ìwọ̀n albumin sí creatinine). Ẹ má pè é ní àrùn kíndìnrín ọlọ́jọ́ pípẹ́ lórí 60 tàbí 55 kan ṣoṣo. Kó wà ní ìsàlẹ̀ 60 ju oṣù mẹ́ta lọ ná, àbí kí ACR rẹ̀ tó 30 mg/g fún iye àkókò yẹn.

---

Ìwé_Àṣẹ:

Lórí ± orí èsì: ẹ má tẹ̀ ẹ́. ISO 15189:2022, abala 7.3.4, ní kí ẹ ṣírò rẹ̀, kí ẹ máa tún un yẹ̀ wò, kí ẹ sì fún oníbàárà tó bá béèrè. Kò ní kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé gbogbo aláìsàn. Bí ẹ bá kọ “60 ± 5”, ẹni tó kà á yóò gbà pé GFR tòótọ́ wà láàárín 55 sí 65. Irọ́ ni. 5 yẹn jẹ́ ti ìwọ̀n creatinine nìkan.

---

Ẹ̀gbọ́n_Kẹ́mísìrì:

Ọ̀rọ̀ yẹn bọ́ sí i. Fọ́múlà tó dára jù lọ, èèyàn 80 sí 90 nínú 100 ni eGFR wọn máa ń wà láàárín 30% sí GFR tí a fi abẹ́rẹ́ iohexol tàbí inulin wọ̀n ní tààrà. Fún 60, ìyẹn túmọ̀ sí 46 dé 86 fún GFR tòótọ́, bí a bá ṣírò 30% náà láti ara GFR tí a wọ̀n, èèyàn 10 sí 20 sì ṣì wà lóde ibẹ̀. Ìyẹn ò sí nínú 3.7% wa, kò sì yẹ kó wà níbẹ̀, torí kì í ṣe láàbù ló ni ín. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ń bá ẹnì kan náà lọ ni: ẹni tí ẹran ara rẹ̀ pọ̀ lónìí, yóò pọ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Ìdí nìyẹn tí eGFR fi wúlò fún títọpa ẹnì kan ju bó ṣe wúlò fún sísọ iye GFR rẹ̀ gan-an lọ.

Èmi ò tako kí dókítà rí nǹkan kan lórí ìwé o. Ẹ kọ orúkọ fọ́múlà àti ọdún rẹ̀ sí abẹ́ eGFR, kí ẹ sì kọ pé ìyípadà tí kò tó 20% lè jẹ́ ti ìwọ̀n àti ti ara. Gbólóhùn méjì yẹn ì bá ti já irọ́ “60 àti 60” yìí láti òwúrọ̀.

Ẹ wo bí ẹ ṣe ń gé nọ́ńbà náà. Láàbù tó bá tẹ creatinine jáde ní “1.4” tó sì fi 1.4 yẹn ṣírò, ohun tó kà lè jẹ́ ohunkóhun láti 1.35 dé 1.45. eGFR á wà láàárín 63 sí 58, ó ti rékọjá ààlà 60 síhìn-ín sọ́hùn-ún láìjẹ́ pé ẹ̀rọ ṣe nǹkan kan. Nọ́ńbà méjì lẹ́yìn àmì ni kí ẹ lò fún mg/dL, tàbí odidi nọ́ńbà fún µmol/L. Ìgbà tí ẹ bá ti ṣírò eGFR tán ni kí ẹ tó gé òun sí odidi.

---

Oníláàbù_Ìbàdàn:

Ó ti yé mi. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀nà wo ni mo lè gbà yẹ sọ́fútíwíà tiwa wò kí n tó ka ẹ̀sùn sí ti ẹlòmíràn lẹ́sẹ̀?

---

Aláyẹ̀wò_Kíndìnrín:

Ẹ ṣe aláìsàn àfọwọ́dá márùn-ún sínú rẹ̀. CKD-EPI 2021 gbọ́dọ̀ fún yín ní ìwọ̀nyí:

Ọkùnrin 52, 1.40 mg/dL: 60
Obìnrin 52, 1.40: 45
Ọkùnrin 30, 0.90: 118
Obìnrin 25, 0.60: 128
Ọkùnrin 70, 3.00: 22

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni obìnrin 25 yẹn, torí apá −0.241 ló ń dán wò, ibẹ̀ sì ni àwọn tó bá tẹ fọ́múlà fúnra wọn ti sábà máa ń gbàgbé àmì ìyọkúrò. Ẹ tún fi creatinine kan náà wọlé ní µmol/L: 124 dípò 1.40. Bí 60 kò bá jáde lẹ́ẹ̀kejì, 88.4 ni kò sí níbi tó yẹ kó wà. Bí ẹ bá sì rí ojú ibi kan tó ń béèrè ẹ̀yà aláìsàn, ẹ yí i padà síhìn-ín sọ́hùn-ún. eGFR kò gbọdọ̀ mira.